Orúkọ Tí Akọ̀wé Faransé Kọ Kọ́ Ni Orúkọ Ilé Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mo fẹ́ sọ lónìí, ẹni tó bá sì fẹ́ bínú kó bínú. Láti ọdún 1974 tí mo ti gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ahunṣọ kan ní Ìkẹjà títí di ọjọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, Agége ni mo ti ń jí lọ síbi iṣẹ́. Agége ni bàbá mi kọ́lé sí, ibẹ̀ náà la sin ín sí lọ́dún 1989. Ilé yẹn ló bí ọ̀rọ̀ yìí.

Ilé àtijọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ irú ẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá mẹ́rin lápá ọ̀tún tó kọjú sí yàrá mẹ́rin lápá òsì, kànga lẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan fẹ́ rà á kó wó o kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwa ọmọ mẹ́fà tí bàbá fi sáyé pe ìpàdé, a mú lọ́yà dání, a ń ṣírò bí owó yóò ṣe kan olúkúlùkù. Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí ọmọkùnrin kan fi wọlé, tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ síwájú wa. Ó ní Kétu lòun ti ń bọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni bàbá tó bí bàbá òun, àti pé owó epo àti àgbàdo tí bàbá àgbà òun ń fi ránṣẹ́ láti Kétu ni bàbá wa fi parí yàrá méjì tó gbẹ̀yìn nínú ilé náà. Kò bèèrè gbogbo ilé o. Yàrá méjì ló ní kí a rántí.

Lọ́yà na ọwọ́ gba ìwé tó mú dání. Ó wo orí ìwé, ó rẹ́rìn-ín, ó fi han ẹ̀gbọ́n mi. "Adjibadé" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ń jẹ́ Ogundele. Eléyìí ń jẹ́ kí ni? Orúkọ ò bára mu. Ọ̀rọ̀ ti parí." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ègùn ni, jàre. Ẹ jẹ́ ó máa lọ."

Èmi ńkọ́? Mo dákẹ́. Mo mọ̀ pé bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n kan ní Kétu, mo ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu bàbá tó ìgbà ogún. Ṣùgbọ́n mo wo owó tó wà lórí tábìlì, mo sì dákẹ́. Ọmọ náà kó ìwé rẹ̀, ó fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ fún wa, ó tún dọ̀bálẹ̀, ó lọ. Ìdọ̀bálẹ̀ kejì yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló ń jẹ́ súnéèmù gan-an? Níbo la ti rí i? Ògúndélé tí gbogbo wa ń kọ sẹ́yìn orúkọ wa lónìí, orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni. Òun nìkan ló ni ín. Nígbà tí mo wọ ilé ìwé ní Agége, tíṣà bi mí pé, "Kí ni orúkọ bàbá ẹ?" Mo ní Ògúndélé, ó kọ ọ́, ó di súnéèmù. Bí ó bá ṣe Ajíbádé tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi lọ sílé ìwé lọ́jọ́ náà, bóyá Ajíbádé ni ǹ bá máa jẹ́ títí dòní. Lọ́dọ̀ tiwọn ní Kétu, akọ̀wé ló bi àwọn ọmọ Ajíbádé léèrè, ó sì kọ orúkọ bàbá wọn bí etí Faransé ṣe gbọ́ ọ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan, ti di ìdílé méjì nínú ìwé láàárín ìran kan ṣoṣo. Bàbá tó bí àwọn méjèèjì, Fáṣínà ni. Ta ló ń jẹ́ Fáṣínà nínú wa? Kò sí.

Ẹ má gbà gbé pé Yorùbá kì í jogún orúkọ láyé àtijọ́. Ọmọ tó bá mú orúkọ tirẹ̀ tọ̀run wá ń jẹ́ Àìná tàbí Òjó tàbí Ìdòwú. Ilé á sọ ọ́ ní tilé, ìyá àgbà á fún un ní oríkì, Àkànní tàbí Àjọkẹ́, kó lè rí ohun fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ohun tí à ń jogún ni oríkì orílẹ̀, ni èèwọ̀, ni orúkọ agbo ilé, ni ilà ojú níbi tí wọ́n bá ń kọ ọ́. Àwọn wọ̀nyẹn ni bàbá fi ń mọ ọmọ. Orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan dà bí ẹ̀wù ọrùn rẹ̀.

Àwọn Faransé kò mọ ìyẹn. Tiwọn yàtọ̀, wọ́n sì le koko lórí ẹ̀. Lọ́dún 1794, nígbà tí wọ́n ti lé ọba wọn lórí oyè tí wọ́n sì ti bẹ́ ẹ lórí, wọ́n ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ mìíràn yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Lọ́dún 1803 wọ́n fi òmíràn lé e: orúkọ tí a ó sọ ọmọ gbọ́dọ̀ wá láti inú kàlẹ́ńdà, ìyẹn orúkọ àwọn ẹni mímọ́, tàbí orúkọ àwọn ènìyàn ńlá inú ìtàn àtijọ́. Kí ẹ má rò pé aláwọ̀ dúdú nìkan ló jìyà rẹ̀. Àwọn ará Brittany tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ Faransé fúnra rẹ̀, tí wọ́n ní èdè tiwọn, fojú winá òfin yìí. Akọ̀wé á kọ̀ láti kọ orúkọ tí òbí fún ọmọ, a ní kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òbí sílẹ̀ pé kí wọ́n sọ ọmọ ní orúkọ tó bá wù wọ́n.

Òfin yẹn kò kan àwọn bàbá wa tààrà, nítorí ẹni abẹ́ àṣẹ ni Faransé kà wọ́n sí, wọn kò kà wọ́n sí ọmọ onílẹ̀ títí di ọdún 1946. Ṣùgbọ́n àṣà inú òfin náà ti wọ orí akọ̀wé àti orí fáda. Orúkọ kan gbọ́dọ̀ wà níwájú, orúkọ kan gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn. Bí ọmọ kò bá ní ti iwájú, wọ́n á ṣí kàlẹ́ńdà. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀: àwọn ènìyàn wà ní ilẹ̀ tí Faransé jọba lé tí orúkọ wọn ń jẹ́ Fetnat, nítorí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ni wọ́n bí wọn. Ọjọ́ náà ni ọdún ìlú Faransé, kàlẹ́ńdà gé gbólóhùn rẹ̀ kúrú sí "Fêt. Nat.", wọ́n sì rò pé ẹni mímọ́ kan nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìwé tó rí báyẹn gan-an ni lọ́yà wa fi ń lé ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

Ká tún wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Létí Faransé, "ṣ" tiwa ni "ch", "j" tiwa ni "dj", "u" tiwa ni "ou". Nítorí náà Adéṣínà á di Adéchina, Ìdòwú á di Idowou, Òjó á di Odjo, Ògúndélé á di Ogoundélé. Orúkọ náà ni, aṣọ ló yàtọ̀. Ẹni tó ka èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan á rí "Adjibadé", á ní irú ènìyàn wo lèyí. Ajíbádé ni o! Bí o bá pè é jáde lẹ́nu, o ti mọ̀ ọ́n. Ojú ni kò mọ̀ ọ́n, etí mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ègùn ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bi í, ìgbà wo ni Kétu di Ègùn? Kétu tó jẹ́ pé nínú ìtàn Odùduwà, ọ̀kan pàtàkì ni nínú àwọn ọba tó dé adé láti Ifẹ̀! Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Ègùn ńkọ́? Ọgbọ̀n ọdún ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń rin Òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà lọ síbi iṣẹ́. Akran yẹn, oyè ọba Àgbádárìgì ni, ọba àwọn Ègùn. Ojoojúmọ́ ló ń fi ẹsẹ̀ tẹ orúkọ wọn wá oúnjẹ òòjọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó, wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sórí ìwé. Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó ń sin Alákétu bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lákòókò tí wọ́n ń fa ìlà náà, ahoro ni Kétu wà, nítorí ogun Dàhòmì ti fọ́ ọ lọ́dún 1886, wọ́n sì ti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àbọ́mẹ́. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wá tún ìlú wọn tẹ̀ dó. N kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni: àwọn àgbà Kétu kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Faransé. Ọpẹ́ náà kò pẹ́ lẹ́nu wọn. Owó orí dé, iṣẹ́ tulááṣì dé, wọ́n ń fi agbára mú àwọn ọ̀dọ́ lọ sógun. Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé ìbọn dìde sí Faransé láàárín ọdún 1914 sí 1915. Àwọn tí kò lè jà, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n kàn rékọjá ìlà náà lóru ni, ọ̀dọ̀ ìbátan wọn ní Ìmẹ̀kọ ni wọ́n dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ gbogbo èyí sínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1976 lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ ìjọba àwọn Òyìnbó, ó sì fi yé wa pé sísá tí wọ́n sá yẹn, ọ̀tẹ̀ ni.

Bàbá mi wà lára àwọn tó sá. Nígbà ogun Hitler ni. Ó wọ Ìmẹ̀kọ, ó gba Abẹ́òkúta, ó sì bá ọkọ̀ ojú irin dé Agége, níbi tí wọ́n ti ń wá alágbàṣe fún oko obì. Ajíbádé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sá. Bàbá mi sọ ìdí rẹ̀ fún wa lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ìyá wọn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ wà nílé tí àwọn agbowó orí yóò bá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn yóò mú ìyá náà. Ẹ wò ó, ẹni tó dúró jìyà kí bàbá wa lè rí àyè sá, ọmọ ọmọ rẹ̀ la pè ní àjèjì. Faransé kò fòpin sí iṣẹ́ tulááṣì lábẹ́ òfin àfi lọ́dún 1946.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò ju Kétu lọ, kó wo òkè òkun. Nígbà tí Faransé dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Martinique àti Guadeloupe lọ́dún 1848, orúkọ kan ṣoṣo ni ẹrú kọ̀ọ̀kan ní, kò sí ti ìdílé. Akọ̀wé wá ń pín orúkọ fún wọn. Kò gbọdọ̀ fún wọn ní orúkọ àwọn ìdílé Òyìnbó tó wà níbẹ̀, kí ojú má baà ti Òyìnbó. Ló bá ń hùmọ̀: ó ń da lẹ́tà orúkọ kan rú kó lè di òmíràn, ó ń mú tinú ìtàn Gíríìkì, ó ń mú ohun tí ojú rẹ̀ bá ṣáà rí. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ní bàbá, wọ́n ní ìyá, àwọn kan nínú wọn sì ti etíkun tiwa yìí lọ. Ìwé ni kò ní àyè fún bàbá wọn. Ọmọ wọn tó bá ń wá ìran rẹ̀ lónìí, tó bá fi súnéèmù tọ ipasẹ̀ lọ, ọ̀dọ̀ akọ̀wé ọdún 1848 ni yóò já sí.

Àwọn Faransé tó lọ tẹ̀ dó sí Kánádà ńkọ́? Àwọn náà ní tiwọn. Ṣọ́jà wọn kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìnagijẹ, wọ́n á kọ orúkọ bàbá rẹ̀, wọ́n á kọ "dit", tó túmọ̀ sí "tí à ń pè ní", wọ́n á wá kọ ìnagijẹ náà tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, ọmọ kan mú ti àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ mú ti ìkejì. Àwọn ọmọ ọmọ wọn tí wọ́n ń wá ìran wọn lónìí ti mọ̀ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè ní súnéèmù méjì, wọn kì í tìtorí ẹ̀ lé ara wọn jáde nílé. Ní Saint-Louis ní Senegal, àwọn oníṣòwò Faransé ń fẹ́ obìnrin ibẹ̀ bí àṣà ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ ń jẹ́ orúkọ bàbá bí bàbá tilẹ̀ ti wọkọ̀ padà sílé tí kò sì bojú wẹ̀yìn mọ́. Ní Èkó níbí, àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ń jẹ́ Da Silva, wọ́n ń jẹ́ De Souza, àwọn kan nínú wọn sì wà tó jẹ́ pé oríkì Yorùbá tí wọ́n ń kì nílé kò fi ìgbà kankan bá orúkọ Potogí wọn pàdé. Ṣé a wá fẹ́ sọ pé ọmọ Portugal ni wọ́n?

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, "Bàbá, ayé ti bàjẹ́. Ẹlẹ́tàn lè kọ́ oríkì orílẹ̀ yín lọ́jọ́ mẹ́ta, kó wá gba ilé lọ́wọ́ yín. Ìwé ló dájú." Òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi ẹnu dídùn gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Agége yìí, n kò sì ní bẹ yín pé kí ẹ da ìwé nù. Ohun tí mò ń bá yín jà lé lórí ni pé ẹ kì í ka ìwé náà tán! Ẹ ó wo súnéèmù lórí, ẹ ó pa á dé.

Nítorí pé nígbà tí oorun kọ̀ tí kò kùn mí, mo gbé ẹ̀dà tí ọmọ náà fi sílẹ̀ fún wa. N kò gbọ́ Faransé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ bá ìyá kan tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pen Cinema, Àjàṣẹ́ ló ti kàwé. Ìyá náà wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó ní ìwé méjì ló wà níbẹ̀: ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, àti ìwé ìbí tí kọ́ọ̀tù ṣe fún bàbá àgbà rẹ̀ lọ́dún 1952, irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọn kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Wọn kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n kàn kọ pé ní nǹkan bí ọdún 1912. Ó wá kà á síwájú: Adjibadé, ọmọ Fachina àti Aïna.

Mo ní, "Ìyá, ẹ tún un kà." Ó ní, "Fáṣínà ni wọ́n kọ síbẹ̀ o. 'Ch' ni Faransé fi ń kọ 'ṣ'."

Ara mi tutù. Fáṣínà àti Àìná! Kò sí ọmọ kan nínú àwa mẹ́fà tí kò mọ orúkọ méjèèjì, orúkọ tí àbúrò bàbá wa obìnrin máa ń pè nígbà tó bá ń kì wá ní òwúrọ̀ ọdún. Lọ́yà ti di ìwé yẹn mú. Ẹ̀gbọ́n mi ti dì í mú. Ìdáhùn wà lábẹ́ àtàǹpàkò wọn, orí ìwé ni wọ́n ń wò.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó yẹ kó tì wá lójú. Faransé tí mò ń bú yìí, ó kọ orúkọ ìyá sílẹ̀. Òfin wọn ti ọdún 1794 yẹn náà ni kò jẹ́ kí ìgbéyàwó pa orúkọ obìnrin rẹ́ nínú ìwé, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ti ọkọ pè é níta. Tiwa ńkọ́, àwa tí Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní "Mísíìsì"? Mo wá gbogbo àpótí mi. Nínú sáńfíkéètì mi, nínú ìwé iṣẹ́ mi, nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì mi, "Mrs. Ogundele" ni wọ́n kọ fún ìyá tó bí mi. Ọmọ ta ni? Ará ibo ni? Kò sí níbẹ̀. Ìyá mi ọmọ Ìlárò ni, bí mo bá kú, tí àwọn ọmọ mi kò bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó parí nìyẹn. Ìwé Faransé tí à ń fi ṣẹ̀sín ló pa orúkọ ìyá bàbá mi mọ́ fún mi, ìwé Èkó pa ti ìyá mi rẹ́.

Nítorí náà, mo ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́rin kan, mo ń kọ. N kò bẹ̀rẹ̀ láti orí súnéèmù. Mo kọ orúkọ àbísọ ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo kọ oríkì rẹ̀, mo kọ ìyá rẹ̀ àti ilé tí ìyá náà ti wá, mo kọ èèwọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé gbà kọ ọ́, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé. Àbúrò bàbá wa obìnrin ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo mú ọmọ Kétu náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó bi í ní ẹran tí ilé wọn kì í jẹ. Ọmọ náà dáhùn kó tó bèèrè tán. Ìyá àgbà fa orí rẹ̀ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, oríkì tó fi ń kì mí láti kékeré gan-an ni.

Mo gbé ìwé náà lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní òun ò gbọ́ Faransé. Mo ní kó jẹ́ ká pe ìyá aláṣọ. Ó ní òun á rò ó wò. Mo pe lọ́yà, ó ní kí n má dá wàhálà sílẹ̀, oníbàárà ti san àsansílẹ̀. Àwọn àbúrò mi méjì ti wà lẹ́yìn mi, àwọn méjì yòókù ń wo ojú ẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù tó ń bọ̀ la ó pàdé láti fọwọ́ sí ìwé títà. Ìwé náà wà níwájú mi bí mo ti ń kọ èyí, wọ́n ti tẹ orúkọ àwa mẹ́fà sí i, wọ́n fi ìlà sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò ní fọwọ́ kan bírò títí wọn yóò fi tẹ orúkọ keje sí i. Ajíbádé ni o, Adjibadé ni o, bó bá ṣe wù wọ́n ni kí wọ́n kọ ọ́.